Kí Ọmọ Ọlọ́mọ Tó Wọlé: Ọ̀rọ̀ lórí Gbígba Ìwé Àṣẹ fún Ilé Ìtọ́jú Ọmọ Wẹ́wẹ́ nínú Ilé Ẹni

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àbúrò wa lóbìnrin, àti ẹ̀yin baba tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti bá wa péjú lónìí, mo kí yín o, ẹ kú ìjókòó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yín tó pè mí wá sí gbọ̀ngàn yìí ní Adó-Èkìtì láti sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe fún ọdún 11 báyìí, láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ ní kí n ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń gba ìwé àṣẹ láti máa tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ nínú ilé ara rẹ̀. N óò ṣàlàyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín dé ẹnu géètì mi ní Ajílosùn láàárọ̀ kùtùkùtù.

Aago mẹ́fà ti kọjá, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Ọ̀kadà kan dúró, ìyá ọmọ sọ̀ kalẹ̀, ó tú ọ̀já, ó gbé ọmọ oṣù mẹ́rin lé mi lọ́wọ́. Ara ọmọ náà ṣì gbóná láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Báàgì kékeré kan tẹ̀ lé e: ìlédìí mẹ́fà, aṣọ ìpààrọ̀, ìgò wàrà ọmú tí ó fún sílẹ̀ lálẹ́. Ìyá fọwọ́ kan ọmọ lórí, ó ní, "Ó dìrọ̀lẹ́ o, mà," ó gun ọ̀kadà, ó lọ. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Obìnrin yìí kò tíì wọ ilé ìdáná mi rí lọ́jọ́ náà. Kò mọ ẹni tó ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn. Kò mọ̀ bóyá kànga mi ní ìdérí. Ojú mi ló wò, ojú mi ló gbọ́kàn lé, ó sì ní láti rí bẹ́ẹ̀, nítorí ìwé wíwọlé ibi iṣẹ́ rẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Òfin ní ojú nìkan kò tó. Òfin ní kí ẹnì kan ti wọ ilé náà wò fún ìyá yẹn kí ó tó dé ẹnu géètì, kí ó ti ṣí ìkòkò wò, kí ó ti béèrè ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, kí ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ohun tí à ń pè ní ìwé àṣẹ nìyẹn. Àwọn àgbà ní ẹnì kan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í bá a wò ó. Láyé àtijọ́, agboolé ni igba ènìyàn yẹn. Lónìí tí ìdílé kan ń dá gbé yàrá méjì ní Baṣírì tàbí ní ọ̀nà Ìwòròkò, tí ìyá-ìyá ọmọ wà ní Ọ̀tun tàbí ní Ìkọ̀lé, mo gbà pé òṣìṣẹ́ ìtọ́jú aráàlú, wòléwòlé àti panápaná ti di ara àwọn igba ènìyàn náà. Ohun tí mo wá sọ kò ju èyí lọ, gbogbo ìyókù jẹ́ àlàyé lórí rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé àìní tó ń mú ìyá gbé ọmọ oṣù mẹ́ta jáde jẹ́ àṣejù. Òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà fún obìnrin tó bímọ ní ọ̀sẹ̀ 12 péré: 6 ṣáájú ìbímọ, 6 lẹ́yìn rẹ̀. Òfin kan náà ní kí ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ní ìdajì wákàtí, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, láàrin àkókò iṣẹ́. Ta ni ìdajì wákàtí yóò ṣe láǹfààní bí ọmọ bá wà ní òpin ìlú kejì? Ẹni tí ilé ìtọ́jú ọmọ bá wà ní òpópónà kejì sí ọ́fíìsì rẹ̀ nìkan ni. Ní ti ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ọjà Ọba, kò sí ẹni tó fún un ní ìsinmi kankan. Ọjọ́ tí kò bá jáde, kò rí owó ọjọ́ náà nìyẹn. Nítorí náà, iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe yìí, iṣẹ́ gidi ni, ìlú sì nílò rẹ̀. Orúkọ tí Yorùbá sọ ilé-ìwé ọmọ kéékèèké ni jẹ́lé-ó-sinmi. Ilé ìyá ọmọ ló ń sinmi. Ilé tí wọ́n kó ọmọ lọ kò ní ìsinmi, kò sì yẹ kó ní.

Ní báyìí, kí ni òfin sọ gan-an? Ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní ọdún 2003. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọdé wà lára ohun tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti fọwọ́ sí nílé aṣòfin tirẹ̀ kó tó múlẹ̀ níbẹ̀, Èkìtì sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ti sọ ọ́ di òfin tiwọn. Abala kan wà nínú òfin náà tó dá lé àwọn tó ń gba ọmọ tọ́jú nínú ilé wọn àti àwọn tó ń ṣe ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́. Ohun tó ya iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára oore ni owó. Bí àbúrò yín bá ní kí ẹ bá òun mú ọmọ dání kí òun fi dé ọjà, oore ni. Bí ìyá àgbà bá ń tọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, òfin kò bá a wí, nítorí òbí àti ẹbí kò sí lára àwọn tí a ní kí wọ́n forúkọ sílẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí òbí gbà síṣẹ́ láti máa wo ọmọ nínú ilé òbí fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá gba owó lórí ọmọ tí kì í ṣe ẹbí yín, tí ọmọ náà ń wá sílé yín lójoojúmọ́, ẹ ti kúrò nínú oore, ẹ ti wọ iṣẹ́, orúkọ yín sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìjọba.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń ṣe é láìsí ìwé. Mi ò wá bá yín jà. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án. Mo ní nọ́ọ̀sì ni mí, kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ mi nípa ọmọ? Ọmọ mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi nígbà náà. Lọ́jọ́ kan, ọmọdébìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ nu ilẹ̀ tán, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, ó lọ sá aṣọ. Omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. Mo yíjú sí ọmọ tó ń sunkún, nígbà tí mo fi máa wẹ̀yìn, mi ò rí ọmọ oṣù mẹ́wàá kan tó ń rákò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, ẹsẹ̀ méjèèjì lókè, orí nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò sí ariwo kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ọmọ tó ń rì sínú omi kì í kígbe. Orí ọmọ ọjọ́ orí yẹn wúwo púpọ̀ fún ara rẹ̀, apá rẹ̀ kò sì lágbára láti ti ara rẹ̀ jáde. Mo fà á yọ, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀, mo ṣe ohun tí wọ́n kọ́ mi, ó hú ikọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọlọ́run ló yọ mí. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mi ò fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́, ó sì mú ọmọ rẹ̀ lọ, kò dá a padà mọ́. Ó tọ̀nà. Ọjọ́ kejì ni mo lọ béèrè fún ìwé àṣẹ.

Nígbà tí wòléwòlé dé ilé mi lẹ́yìn náà, obìnrin kúkurú kan tó di ìwé rẹ̀ mọ́ra, kò tíì jókòó tó fi béèrè pé, "Níbo lẹ máa ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí?" Ìbéèrè yẹn gún mi lọ́kàn. Ká ní ó ti wá ní oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú ni. Ó tún rí ohun mẹ́ta tí èmi tí mo ti gbé ilé náà pẹ́ kò rí mọ́: kẹrosíìnì nínú ìgò ohun mímu lábẹ́ tábìlì, pákó kànga tí ọmọdé lè sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, àti àgbá gáàsì tí mo gbé sínú ilé ìdáná, tí ilé ìdáná sì kọjú sí yàrá tí ọmọ ti ń sùn lórí ẹní. Ó ṣàlàyé fún mi pé gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rìn tọ̀, ibi tí ọmọ sùn sí ni yóò kọ́kọ́ dé kí àgbàlagbà tó dúró tó gbọ́ òórùn rẹ̀. Mo gbé àgbá náà sí ìta, mo ṣe ilé kékeré fún un, mo kan ìdérí irin sórí kànga, mo sì fi àgádágodo sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá tọ ọ̀nà náà bó ṣe rí. Kí ẹ tó dé ọ́fíìsì kankan, ilé tí ẹ ń gbé ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ lọ bá onílé, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, kí ó sì fọwọ́ sí i lórí ìwé. Ilé gbígbé lo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tó bá gbọ́ igbe ọmọ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì lé ọ jáde, ìwé àṣẹ tí o gbà lórí ilé yẹn kò ní bá ọ lọ sí ilé mìíràn, nítorí ènìyàn àti ilé ni òfin jọ ń wò. Ẹ sọ fún aládùúgbò pẹ̀lú. Bí ilé bá jẹ́ tiyín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì ètò ilé kíkọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n gba iṣẹ́ láyè nínú ilé tí wọ́n fọwọ́ sí fún gbígbé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fún iṣẹ́ náà lórúkọ, kí ẹ sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ orúkọ iṣẹ́ àti kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo lè fi orúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kò dìgbà tí ẹ bá dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti ń ṣe é. NIN yín, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ni ẹ óò kọ́kọ́ nílò. Ìwé yìí kò fún yín láṣẹ láti tọ́ ọmọ o. Mo ti rí ilé tí wọ́n gbé ìwé CAC kọ́ sára ògiri, tí wọ́n ń sọ fún òbí pé àwọn ti gba ìwé ìjọba. Orúkọ iṣẹ́ lásán ni wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì náà ní irú rẹ̀.

Ilẹ̀kùn tó ṣe pàtàkì jù ni ti ẹ̀ka ìtọ́jú aráàlú. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìjọba ìbílẹ̀, Èkìtì sì ní ìjọba ìbílẹ̀ 16, nítorí náà ẹni tó wà ní Ẹ̀fọ̀n tàbí Òmùò kò ní láti kọ́kọ́ wá sí Adó kó tó béèrè ọ̀rọ̀. Láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti darí yín sí ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ìtọ́jú aráàlú. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìwé pẹ̀lú, kí ẹ kọ "ilé-ìwé" sára pátákó yín, ọ̀rọ̀ náà kan ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, torí àwọn ló ń fọwọ́ sí ilé-ìwé aládàáni, ìlànà tiwọn sì le ju ti ìtọ́jú lásán lọ. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí pín in báyìí: láti ọjọ́ ìbí títí dé ọdún mẹ́rin jẹ́ àkókò ìtọ́jú àti eré, ọmọ ọdún márùn-ún ló ń lọ sí kíláàsì ọdún kan tó ṣáájú ìwé kìíní. Ní tèmi, mo gba ẹni tó fẹ́ ṣe é nínú ilé nímọ̀ràn pé kí ó dúró síbi ìtọ́jú. Ọmọ ọdún méjì tí wọ́n fi pẹ́ńsù sí lọ́wọ́ ní pálọ̀ ẹni, tí wọ́n ń nà nítorí pé kò mọ "B" yàtọ̀ sí "D", ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Wòléwòlé yóò wá wo omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibi tí ìlédìí ìdọ̀tí ń lọ, àti ilé ìdáná. Panápaná yóò wo ọ̀nà àbáyọ, wáyà iná àti ohun èlò ìpaná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi bí ohun èlò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn yín, kí ẹ sì fọwọ́ ara yín gbìyànjú rẹ̀. Ní ti owó orí, ẹ lọ sí ọ́fíìsì owó orí ìpínlẹ̀, kí ẹ ṣe tiyín, kí ẹ sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

N óò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa owó sísan ní ọ́fíìsì, nítorí ó dùn mí títí di òní. Ní ibì kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n ní kí n lọ kí n bọ̀ nígbà méje. Nígbà keje, ọkùnrin kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní bí mo bá fi nǹkan sí òun lọ́wọ́, kò sẹ́ni tí yóò wá wo ilé mi, ìwé yóò kàn jáde ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó fẹ́ tà fún mi gan-an ni pé kí ẹnikẹ́ni má wo ilé mi. Èmi tí mo ti fa ọmọ yọ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ni n óò fi ìwé tí kò ní ojú nínú ṣe? Mo padà lọ́jọ́ kejì, mo bá ọ̀gá rẹ̀. Gbogbo owó tí wọ́n bá bù fún yín, ẹ béèrè ìwé tó sọ iye rẹ̀, ẹ san án sí àpò ìjọba ní báǹkì, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ ya ẹ̀dà gbogbo ìwé, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ fi í sílẹ̀ àti orúkọ ẹni tó gbà á sí ara ẹ̀dà tiyín.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀ nìyí, torí òun ló le jù fún àwa tí a ń fi ilé wa ṣe é. Òfin kò wo ẹni tó ń béèrè ìwé nìkan. Gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé náà, àti gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló ń wò. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá yẹ lẹ́ni tó ń sún mọ́ ọmọdé, wọ́n lè má fún yín níwèé. Ìyẹn ni pé ọkọ yín wà níbẹ̀, ọmọkùnrin yín tó ti dàgbà wà níbẹ̀, àbúrò ọkọ tó wá lo ọ̀sẹ̀ méjì tó di ọdún méjì wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìtìjú máa ń mú wa láti kọ orúkọ ọkọ ẹni sínú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀. Kí ìtìjú náà má ṣe mú yín. Láti ọdún 2011 ni Èkìtì ti ṣe òfin tó ń dènà ìwà ipá sí obìnrin àti ọmọbìnrin, wọ́n tún un ṣe ní 2019, ìpínlẹ̀ náà sì ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi fún bíbá ọmọdé ṣèṣekúṣe sí. Ẹni tí a mọ̀ ló sábà máa ń ṣe ọmọ níbi. Nínú ilé mi, kò sí ọkùnrin kan tó ń pààrọ̀ ìlédìí ọmọ, kò sí àgbàlagbà kan tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti ọmọ, àlejò kò sì kọjá pálọ̀ iwájú láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí tí ọmọ ìkẹyìn yóò fi lọ. Ọkọ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan ferese gíláàsì mọ́ ilẹ̀kùn yàrá oorun, kí ẹnikẹ́ni lè máa yọjú wo inú rẹ̀ láti ìta.

Ẹni tí ẹ bá gbà síṣẹ́, ẹ gba ìwé àyẹ̀wò ara rẹ̀ láti ọsibítù, ẹ gba onídùúró méjì tí ẹ mọ ilé wọn, ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá. Kí ó jẹ́ àgbàlagbà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí a mú wá láti abúlé kì í ṣe olùtọ́jú ọmọ. Ọmọ lòun náà, òfin kan náà ló sì ń dáàbò bò ó.

Ní ti iye ọmọ, ìwé àṣẹ yín ni yóò sọ iye tí ẹ kò gbọdọ̀ kọjá. Owó yóò máa fà yín láti fi ọ̀kan lé e. Èmi àti olùrànlọ́wọ́ mi, méje ni a ní: ọmọ ọwọ́ mẹ́ta, mẹ́rin tó ń rìn. Ọ̀nà tí mo gbà ṣírò rẹ̀ ni pé mo bi ara mi pé bí iná bá sọ nísinsìnyí, mélòó ni ọwọ́ mi lè gbé jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìpadà wọlé? A máa ń gbìyànjú rẹ̀ lóṣooṣù: èmi gbé méjì, olùrànlọ́wọ́ gbé ọ̀kan, àwọn tó ń rìn di okùn mú, a sì wà lábẹ́ igi máńgòrò kí ìṣẹ́jú méjì tó pé.

Nípa oúnjẹ, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí inú àwọn àgbà ibí yìí lè má dùn sí. A kì í rọ ọmọ ní ilé mi. Mo mọ bí wọ́n ṣe rọ èmi náà: wọn á gbé ọmọ lé itan, orí á dorí kodò, wọn á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu, wọn á da ògì sí i, ọmọ á máa gbé e mì bó ti ń sunkún. Mo ti rí ọmọ tí ògì bá gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí mo wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ṣíbí ni kí ẹ lò, kí ọmọ jókòó, bí ó bá ní òun kò jẹ mọ́, ẹ gbé e kúrò. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, wàrà ọmú nìkan ni. Èyí tí ìyá fún sílẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí mẹ́rin níta. Nínú fíríìjì, ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin bí iná bá dúró, ẹ̀yin náà sì mọ bí iná wa ṣe rí, nítorí náà ti òòjọ́ ni mo ń gbà. Ẹ kọ orúkọ ọmọ àti aago sára ìgò. Ẹ̀pà kò sí fún ọmọ kékeré, oyin kò sí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ẹ gbé ọmọ ọwọ́ sùn lórí ẹ̀yìn rẹ̀, láìsí ìrọ̀rí, lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ferese, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń pani nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀.

Ẹ má ṣe fún ọmọ ní oògùn tí òbí kò kọ sílẹ̀ kí ó sì fọwọ́ sí. Láàrin ìparí ọdún 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009, oògùn olómi kan tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín ní májèlé nínú, ó sì pa ọmọ tó lé ní 80 ní orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn tó fún wọn rò pé ìtọ́jú ni àwọn ń ṣe. Ẹni tó bá ń fún ọmọ ní oògùn ikọ́ kí ó lè sùn títí dìrọ̀lẹ́, kí ó jáwọ́ nínú rẹ̀ lónìí, tàbí kí ó fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀.

Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Orúkọ rẹ̀, ilé àwọn òbí rẹ̀, nọ́ńbà fóònù mẹ́ta, ohun tí ara rẹ̀ kò gbà, ẹ̀dà káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí n lè mọ̀ bóyá ó ti gba ti ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, àti ti oṣù 9. Lójoojúmọ́ a ń kọ aago tí ó dé, ohun tí ó jẹ, oorun tí ó sùn, àti aago tí ó lọ. Bí ọmọ bá ṣubú, a kọ ọ́, a fi han ìyá, ìyá á fọwọ́ sí i. Àdéhùn owó pẹ̀lú wà lórí ìwé: iye rẹ̀ lóṣù, ọjọ́ sísan, àti aago tí ilẹ̀ ń ṣú fún ilé mi. Ìwé yìí ni òṣìṣẹ́ tó bá wá ṣe àbẹ̀wò kọ́kọ́ ń béèrè, kì í sì í fi ọjọ́ tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ni orúkọ àwọn tó lè wá mú ọmọ lọ wà, pẹ̀lú fọ́tò pélébé wọn. Ní ọdún tó kọjá, òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan dé géètì mi, ó ní àbúrò bàbá ọmọ ni òun, pé ìyá ọmọ ló rán òun. Ọmọ rí i, ó na ọwọ́ sí i, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wo ìwé, orúkọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, tirẹ̀ kò sí. Mo pe ìyá, fóònù rẹ̀ kò lọ. Mo gbé àga fún ọkùnrin náà ní ìloro, mo bu omi fún un, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó mú sùúrù. Inú bí i, ó ní ṣé olè ni òun. Ó jókòó níbẹ̀ fún wákàtí kan, ọmọ sì wà lẹ́yìn mi nínú ilé. Nígbà tí ìyá fúnra rẹ̀ dé, tí omi òjò ń kán lára rẹ̀, òótọ́ ni, òun ló rán an. Ó bẹ àbúrò ọkọ rẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ní kí n gbé ìwé náà wá. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù nígbà tó gba bírò, ó sì kọ orúkọ ọkùnrin náà sí ìlà kẹrin.